Ìjánu Ẹ̀yìn: Ta Ni Yóò Gbọ́ Ẹjọ́ Wa?

Kí alùpùpù tó dé ilẹ̀ wa, ẹṣin ni ohun ìgùn tí àwọn baba wa mọ̀ sí eléré. Wọ́n mọ̀ pé mímú ẹṣin sáré kò ṣòro. Dídá a dúró ni iṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ìjánu sí i lẹ́nu. Nígbà tí irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì dé, orúkọ náà ni àwọn tí ó bọ̀wọ̀ fún èdè wa fún ohun tí ń dá a dúró. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní bíréèkì. Àwa tí a kàwé lọ́dọ̀ àwọn Faransé ń pè é ní frein. Orúkọ yòówù tí a bá pè é, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe: kí ẹni tí ó jáde láàárọ̀ lè padà wọlé ní alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìjánu ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ìjánu ẹ̀yìn. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan ìwé àṣà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ igi mẹkáníìkì. Èsì wa ni pé ohun tí gbogbo ìlú ń gùn, tí ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ń gbé ọjà ìyá wa wá láti oko, ti di ara ìgbésí ayé wa. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pobè dé Àjàṣẹ́, títí dé Lomé, alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Ó sì yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí ó ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní àárín ọdún 1980 sí 1990, nígbà tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè Benin dẹnu kọlẹ̀ tí owó oṣù kò dé bí ó ti yẹ mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ alùpùpù wọn di ohun ìṣòwò. Àwọn Fọ̀n sọ ọ́ ní zémidjan, èyí tí ó túmọ̀ sí «gbé mi kíákíá». Lónìí, orúkọ náà ti sọdá ààlà wọ Togo, ó sì ti wọ inú èdè tiwa náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kíákíá ni ó wà nínú orúkọ yìí. Dídúró kò sí níbẹ̀.

Ní ìparí ìsinmi ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, a gbéra láti Pobè lọ sí Kétu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì troisième, ni a gbé sẹ́yìn, pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀ àti gàrí tí ìyá rẹ̀ dì fún un. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti ń fi Pobè sílẹ̀, ilẹ̀ pupa yóò parí, ọ̀nà yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ wọ ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, kí ó tó tún gòkè lọ sí ìhà Kétu. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ kó sìmẹ́ńtì ní Onigbolo ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn wà níwájú wa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Àwọn ewúrẹ́ kan já sójú títì. Awakọ̀ náà tẹ ìjánu rẹ̀, àwa náà sì tẹ tiwa.

Ẹsẹ̀ wa lọ sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó tẹ ẹrẹ̀. Kò sí ohun tí ó dì mú. A tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan. A fa ìjánu ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, a dá jíà padà sẹ́yìn, a sì yà sí etí ọ̀nà. Nígbà tí a dúró tán, inú koríko ni a wà, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ga ju alùpùpù wa lọ. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn wa gbé orí sókè. Ó ní: «Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dúró sínú koríko?» Kò mọ ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ sí i. A kò sì lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wa ń gbọ̀n.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ni, a kò bá dúpẹ́ kí a sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kẹrin nìyẹn láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún tí ìjánu ẹ̀yìn yìí já wa kulẹ̀. Alùpùpù tuntun ni a rà, kì í ṣe àlòkù. Owó tí a san lé ní 450,000 fùráǹkì CFA, owó tí a fi ọdún méjì tọ́jú nínú owó oṣù. Ní oṣù kẹta, ìjánu ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ. Nígbà tí a tú u, ohun tí a lẹ̀ mọ́ ara irin inú rẹ̀ ti bó bí èèpo igi. A pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó tún di ọ̀ràn: wọ́n ní ilé tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí roboto mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ressort inú rẹ̀ já. Ẹ̀kẹrin ni ti ọ̀nà Ọ̀họ̀rí.

A padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún wa. Ní ìgbà kìíní, ó ní àwa ni a ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ní ìgbà kejì, ó ní àwọn ẹ̀yà tí ń jẹ tán kò sí lábẹ́ ìdánilójú tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún oníbàárà. Ní ìgbà kẹta, ó rẹ̀ ẹ́ láti dá wa lóhùn, ó ní kí a kọ̀wé sí àwọn tí ń ṣe é. A kọ ọ́. A kọ ọ́ ní èdè Faransé tí ó gún régé, pẹ̀lú gbogbo ìkíni tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Títí di òní, kò sí èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ó ti máa ń rí lára: ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọn kò tíì kọ́.

Ẹni tí ó ṣí wa lójú ni ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní Kétu, àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí a ti ń bínú níwájú rẹ̀, ó fi èékánná ha ìpẹtà lára irin kan, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́, Prof, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Irú alùpùpù yìí mọ́kànlá ni mo ti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn lọ́dún yìí, ohun kan náà ni mo sì ń rí. Èmi tí mò ń tún un ṣe mọ ibi tí àrùn rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ṣe é kò mọ̀, torí kò sí ẹni tí ó sọ fún un.» A bi í pé ṣé ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Níbo ni kí n kọ ọ́ sí, Prof? Ta ni yóò sì kà á?»

Ìbéèrè yìí ni a gbé wá sí iwájú yín. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ẹni tí kò mọ orúkọ àrùn kò lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tí à ń gùn níhìn-ín, àárín táyà ẹ̀yìn ni ìjánu wà, nínú ohun kan tí ó rí bí ìlù kékeré tí a fi irin ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn Faransé fi ń pè é ní tambour. Nínú ìlù yìí ni irin méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun wà, a sì lẹ nǹkan líle kan mọ́ ẹ̀yìn wọn. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè wọ́n ní mâchoire, èyí tí ó túmọ̀ sí egungun àgbọ̀n. Bí a bá tẹ ìjánu, ọ̀pá irin gígùn kan yóò fa apá kékeré kan lára ìlù náà. Apá yìí yóò yí irin kan nínú, irin náà yóò sì ya àwọn mâchoire méjèèjì sọ́tọ̀, títí wọn yóò fi máa ha ara ìlù. Híha yìí ni ó ń dá táyà dúró. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, àwọn ressort yóò fà wọ́n padà sí àyè wọn.

Ọgbọ́n yìí rọrùn, ó sì ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lè gbà bàjẹ́ kò kéré. Bí àtè tí a fi lẹ nǹkan líle náà mọ́ irin kò bá dára, yóò bó nígbà tí ó bá gbóná, ó sì lè há sínú ìlù kí ó dá táyà dúró lójijì. Bí irin ìlù kò bá le tó, tàbí tí a kò gbẹ́ ẹ roboto, ibì kan yóò máa fara kan mâchoire ju ibòmíràn lọ. Ẹni tí ó gùn ún yóò máa gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń tì í lẹ́sẹ̀ sókè. Bí ìlù bá gbóná jù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò fẹ̀ sí i, yóò jìnnà sí mâchoire, agbára híha náà yóò sì dínkù. Ẹsẹ̀ yóò máa lọ sísàlẹ̀, alùpùpù yóò sì máa lọ síwájú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn.

Ewu mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí mâchoire bá ti jẹ tán, tí a kò sì pààrọ̀ rẹ̀, tí à ń yí nọ́ọ̀tì ọ̀pá náà kí ìjánu lè máa mú, irin tí ń ya mâchoire lè yí kọjá àyè rẹ̀. Bí ó bá ti yí kọjá, kò ní lè padà mọ́, táyà yóò sì há. Ẹni tí ó rò pé òun ń ṣọ́ owó ná ti fi ara rẹ̀ wéwu.

Àwọn alùpùpù kan tí owó wọn ga ní irú ìjánu mìíràn lẹ́yìn: àwo irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà, tí nǹkan pẹlẹbẹ méjì, plaquette, ń fún láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Omi kan nínú ọpọ́n kékeré ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa lọ síbẹ̀. Omi yìí, tí ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí a kọ DOT 4 sí lára, ní ìwà kan: ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nígbà tí ó ṣì tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti fa omi mọ́ra, 155 péré ni a lè retí. Bí ó bá hó, ọ̀yì afẹ́fẹ́ yóò wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì rì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn aṣe-alùpùpù fi kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni pé kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Nínú ìlú tí ọ̀rinrin ti pọ̀ bí Àjàṣẹ́, ta ni nínú wa tí ó ti pààrọ̀ tirẹ̀ rí?

Ìbéèrè yẹn mú wa dé apá kejì ẹjọ́ náà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a tó na ìka sí ẹni tí ó ṣe alùpùpù, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tiwa.

Àwa ni a máa ń gbé ènìyàn mẹ́ta àti àpò àgbàdo kan sórí ohun tí a ṣe fún ènìyàn méjì. Àwa ni a máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ìjánu ẹ̀yìn láti ilé dé ọjà, tí mâchoire ń ha ìlù lójú ọ̀nà gbogbo láìjẹ́ pé a mọ̀. Àwa ni a kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìjánu ọwọ́, ìyẹn ti iwájú, ń gbé ènìyàn ṣubú, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ ń bọ̀ síwájú. Táyà iwájú ni ó di ilẹ̀ mú jù lọ nígbà náà, òun ni ó sì yẹ kí ó ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó fi ti iwájú sílẹ̀ ti gbé ẹrù ẹni méjì lé ẹnìkan lórí. Ìjánu iwájú ń gbé ni ṣubú lóòótọ́ bí a bá fà á lójijì lórí yanrìn tàbí nígbà tí à ń yí kọ́ńà. Ẹni tí ó bá fà á díẹ̀díẹ̀, nígbà tí alùpùpù dúró ṣánṣán, yóò rí i pé òun ni ọ̀rẹ́ tòótọ́. Òun ni ó gbà wá lójú ọ̀nà Ọ̀họ̀rí.

Àwa náà ni a máa ń ra mâchoire tí ó pọ̀ ní ọjà, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá wà lára páálí rẹ̀, tí a sì mọ̀ nínú ọkàn wa pé owó rẹ̀ kéré jù kí ó jẹ́ òótọ́. A ń wí fún mẹkáníìkì pé kí ó «mú èyí tí ó pọ́ọ́kú wá». Nígbà tí ó bá bó lẹ́yìn oṣù kan, a ń bú aṣe-alùpùpù tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ wẹ ọwọ́ tirẹ̀ ná.

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a ti jẹ́wọ́ gbogbo èyí, ẹjọ́ wa kò parí. Èyí tí ó kọ́kọ́ bó lára alùpùpù wa kì í ṣe ti ọjà. Òun ni ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó ń ta alùpùpù sí ilẹ̀ wa mọ irú ọ̀nà tí a ní. Ó mọ̀ pé eruku pupa wà nígbà ọyẹ́, pé omi ń bo títì nígbà òjò. Ó mọ̀ pé a ó gbé ẹrù, nítorí pé àwòrán ẹni tí ó gbé ẹrù ni ó fi ń polówó ọjà rẹ̀. Bí ó bá mọ èyí, ó yẹ kí ó ṣe ìjánu tí ó bá a mu. Bí kò bá sì lè ṣe é, ó yẹ kí ó sọ fún wa ní èdè tí a gbọ́ iye ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwé ìtọ́ni tí ó bá alùpùpù tiwa wá kò ní ọ̀rọ̀ Faransé kan nínú, áḿbọ̀sìbọ́sí Yorùbá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ń gùn ún.

Ṣé ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí aṣe-alùpùpù gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀? Ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan tí wọ́n ní alùpùpù Harley-Davidson tí a ṣe láàárín ọdún 2008 sí 2011 ṣàkíyèsí pé ìjánu wọn máa ń kọ̀ láìsí ìkìlọ̀. Wọn kò kàn fi orí tì í. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba tí ń bójú tó ààbò lójú ọ̀nà. Ní ọdún 2016, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n rí i pé omi ìjánu tí ó ti pẹ́ jù láìpààrọ̀ ń ba nǹkan kan jẹ́ nínú ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há. Ilé-iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nínú ìwé ìtọ́ni pé kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà ní ọdún méjì méjì. Nítorí náà, ó lè wí pé ẹ̀bi oníbàárà ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, ó pe alùpùpù tí ó lé ní 170,000 padà ní Amẹ́ríkà nìkan, kí a lè fọ omi àtijọ́ kúrò nínú wọn, kí a sì fi tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ mọ iye ẹ̀sùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà: ó ju ogójì lọ díẹ̀. Ogójì ènìyàn àti díẹ̀ kọ̀wé, ilé-iṣẹ́ ńlá sì pe alùpùpù tí ó ju ẹgbàá lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún lọ padà. A ronú kan mẹkáníìkì wa lábẹ́ igi rẹ̀, pẹ̀lú alùpùpù mọ́kànlá ní ọdún kan. Mẹkáníìkì mélòó ni ó wà láti Kétu dé Àjàṣẹ́? Bí olúkúlùkù wọn bá mọ alùpùpù mọ́kànlá, ẹ̀sùn wa ti ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ tipẹ́tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi jù wá: tiwọn wà lórí ìwé, tiwa wà lẹ́nu. Ìbínú tí a sọ lábẹ́ igi, abẹ́ igi náà ni yóò kú sí. Kò lè sọdá òkun.

A mọ̀ pé àjọ tiwọn àti ti wa kò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a kò ní ibi kankan tí a lè dúró lé. Òfin ìwà àti ajé tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé mọ ohun tí wọ́n ń pè ní vice caché, ìyẹn àléébù tí ó fara pamọ́ nínú ohun tí a rà, tí a kì bá má ti rà á ká ní a mọ̀. Olùtajà ni yóò dáhùn fún un. Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin nọ́ńbà 2007-21, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, wà fún ààbò oníbàárà. Òfin kò ní dìde fúnra rẹ̀ láti wá gbà wá. Ẹ̀rí ni oúnjẹ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe nìyí. Bí ẹ bá ra alùpùpù, ẹ gba facture, kí orúkọ yín àti nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára irin alùpùpù náà wà lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í di ẹ̀pà. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ní ìgbàkigbà tí ìjánu bá bàjẹ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, iye kìlómítà tí ó wà lójú àgó, ohun tí mẹkáníìkì rí, àti owó tí ẹ san. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe jù ú nù. Bí ẹ bá lọ bá olùtajà, ẹ mú lẹ́tà lọ́wọ́, kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà kan pé òun ti gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn onízémidjan wà ní ìlú wa gbogbo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí jọ pọ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ àrùn alùpùpù jù lọ lè má mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà ní Faransé. Ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá bí ó ti rí i, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì tún un kọ ní Faransé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ti bi wá ní kíláàsì pé kí ni a ó fi èdè méjì ṣe. Ọ̀kan nínú ìdáhùn rẹ̀ nìyí: kí ọ̀rọ̀ lè kúrò lábẹ́ igi dé ọ́fíìsì.

Títí ìgbà tí wọn yóò fi gbọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ ara wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbéra, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìjánu ẹ̀yìn. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ó ní tambour, ó yẹ kí ó lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bí ó bá kéré sí ìyẹn, ó ń ha ìlù lójú ọ̀nà. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó ti ń jẹ tán. Ẹ wo ọfà kékeré tí ó wà lára apá ìjánu ní ẹ̀gbẹ́ táyà, bí tiyín bá ní in: bí a bá tẹ ìjánu tí ọfà náà dé ojú àmì, mâchoire ti parí iṣẹ́, kò sí nọ́ọ̀tì tí a lè yí mọ́. Bí mẹkáníìkì bá fa ṣéènì le, ẹ sọ fún un kí ó tún ìjánu wò, nítorí bí táyà bá sún sẹ́yìn, ọ̀pá ìjánu náà yóò fà. Bí ó bá tú táyà tí ó sì dè é padà, ẹ fi ojú ara yín rí i pé ó de irin tí ń di ìdérí ìlù náà mú kó má bàa yí. Bí ẹ bá kọjá nínú omi, ẹ tẹ ìjánu fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kó lè gbẹ, kí ẹ tó sáré. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a ti ọ̀nà Ọ̀họ̀rí dé, a padà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì wa. A mú ìwé onílà kan dání, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì ń lò, a sì so bírò mọ́ ọn pẹ̀lú okùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tẹ̀ lé wa. A ti sọ fún un nígbà náà ìdí tí a fi dúró sínú koríko. Òun ni ó fa ìlà sínú ìwé náà: ọjọ́, irú alùpùpù, kìlómítà, ohun tí ó bàjẹ́, owó. Baba náà wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó kàn án mọ́ igi níbi tí òjò kò ní dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú orí, ọmọbìnrin náà sì ń kọ ọ́.

Ní ọjọ́ tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ojú ìwé mẹ́fà ti kún. Èsì lẹ́tà wa kò tíì dé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó kàn kò ní jẹ́ ti ẹnìkan mọ́, yóò sì nira díẹ̀ láti ṣe bí ẹni pé wọn kò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi tiyín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí a lè fi kún un.

Ó di ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a máa rìn, kí ó sì jẹ́ kí a lè dúró nígbà tí ó bá yẹ kí a dúró.